Bí Èmi àti Bàbá Múíbà Ṣe Wá Ẹ̀wọ̀n àti Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Ẹrù Dé Agége

A ti kúrò ní Òkèhò kí ládáànì tó pe ìrun àsùbáà. Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Múíbà, nìkan la wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, ó sì ń dún gbàgàgbàgà níbikíbi tí títì bá ti jẹ. Mo gbé àkàrà àti ẹ̀kọ dání, omi gbígbóná wà nínú fúláàsì, mo sì fi ìborí bo orí bo etí nítorí òtútù. Láti ilé wa títí a fi jáde nílùú, "Bísímílá" tí ọkọ mi ṣe kó tó ṣáná sí ọkọ̀ nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó máa ń pa àlọ́ fún àwọn agbẹ́rù láti Òkèhò dé Ṣàngó ni. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tó kọjá, ó gbé ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà fi ń kọ́lé, ó ń bọ̀ wálé. Nígbà tó ti kúrò ní Ẹ̀rúwà díẹ̀, ọlọ́kadà kan já sí títì láti inú oko. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, irin kò dúró. Ó ya láti ẹ̀yìn, ó la ẹ̀yìn yàrá awakọ̀ já. Ọ̀kan gba èjìká ọkọ mi kọjá, ó bọ́ awọ àti ẹran ibẹ̀. Òmíràn gún àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn yọ síwájú. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò sí ẹni tó jókòó lórí àga náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti rán an báyìí, orí rẹ̀ sì ni mo jókòó lé.

Èjìká san. Ṣùgbọ́n nígbà tó san tán, kò dé ìdí ọkọ̀ mọ́. Àwọn ará ìlú ní kò so ẹrù rẹ̀ dáadáa ni. Àwọn kan sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan wá sọ ọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Òun yóò jókòó síwájú ilé, yóò máa wo ọkọ̀ bí ẹni ń wo ajá tó ti bù ú jẹ.

Alhaja Ràbí tó ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò wa ló ru ú dìde. Ó ra ààrò búrẹ́dì onírin kan lọ́wọ́ ilé búrẹ́dì kan ní Agége, ó wá sí ilé wa, ó ní, "Bàbá Múíbà, ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi gbé e." Ọkọ mi ní kó wá ẹlòmíràn. Alhaja ní òun ò rí ẹlòmíràn tí òun lè fọkàn tán. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ọkọ mi tó fèsì. Ó ní, "Màá gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi okùn gbé e. Màá kọ́kọ́ wá ohun tó lè di ẹrù mú, kó má rìn."

Mo ní mò ń bá a lọ. Ìyá mi bínú, ó ní kí ni obìnrin ń wá nínú ọkọ̀ ẹrù. Mo ní àwa méjèèjì la jọ ra ọkọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ ni pé mi ò fẹ́ kó dá nìkan kọjá Ẹ̀rúwà.

Ìsẹ́yìn la ti kírun, ní mọ́ṣáláṣí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ilẹ̀ mọ́ sí wa lójú ní Adó Àwáyè, níbi tí òkè ńlá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú bí ẹni tí kò ní kánjú. Títì dára díẹ̀ níbẹ̀, ó sì bàjẹ́ lẹ́yìn Mááyà, a ń yà sọ́tùn-ún yà sósì kí táyà má bàa kó sí kòtò. Nígbà tí a súnmọ́ Ẹ̀rúwà, ọkọ mi dẹ eré. Ó fi ẹnu júwe ẹ̀gbẹ́ títì.

Ó ní, "Ibí ni."

Mo wò ó. Koríko ló wà níbẹ̀, àti ọ̀nà tóóró kan tó wọ oko lọ. Kò sí àpá kankan. Mo ti rò pé màá rí nǹkan. Mo bu àkàrà fún un, ó gbà á, ó ń jẹ ẹ́ títí a fi wọ ìlú.

Láti Abẹ́òkúta lọ, ọ̀nà yí padà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ méjì tó bá pàdé yóò tẹ fèrè kíra wọn. Láti Ìfọ̀ lọ sí Ṣàngó, tí o bá tẹ fèrè, èébú lo ń pè. Tírélà pọ̀ níbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n ṣe so ẹrù wọn, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi. Àwọn kan fi ẹ̀wọ̀n di ẹ̀rọ ńlá mọ́lẹ̀, ó le dan-in. Àwọn mìíràn kó àpò sìmẹ́ǹtì gogoro, wọ́n ju okùn ọ̀rá lé e lórí, okùn náà ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ọkọ mi rí i pé mò ń wò. Ó ní, "Èyí tó ń fì yẹn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni."

Ọ̀sán la dé Agége, ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Sìkírá, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé búrẹ́dì tí a ti fẹ́ gbé ààrò náà ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì bá Alhaja Ràbí rí ààrò náà rà. Ilé wọn jẹ́ ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá kọjú sí yàrá, ìyá méje sì ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé kan náà láìjà. Kò tíì sí ẹni tó béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ wa tí Àǹtí ti gbé búrẹ́dì síwájú wa, àti ẹ̀wà. Búrẹ́dì náà ṣì ń gbóná. Ní Òkèhò, búrẹ́dì Agége tí a mọ̀ ti sùn lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a sì ní láti fi tíì rẹ ẹ́. Èyí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà rọ̀ bí òwú, mo jẹ ẹ́ láìmu omi.

Àǹtí wo àbúrò rẹ̀ títí. Ó ní, "Gàníyù, ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ó ń bà mí, Àǹtí."

Àǹtí ní, "Kò burú. Jẹ ẹ̀wà ẹ."

Kò tíì sọ ọ́ fún mi rí pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la kọ́kọ́ jáde lọ sí ìsọ̀ tó wà lójú títì ní Agége. Ọmọkùnrin kan tó kó okùn, ìkọ́ àti bẹ́líìtì síta rí wa, ó ti ń pariwo, "Dádì mi, Mọ́mì mi, ẹ wọlé!" Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ kí ọ ni, yóò béèrè ibi tí o ti ń bọ̀. Ní Agége, wọ́n ti gbà ọ́ ṣòbí kí o tó fẹsẹ̀ kan ìsọ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ wù mí. Ó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n, irin rẹ̀ ń dán. Irin yìí ló ní eyín, tí a bá ń fa ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò, yóò máa fún bẹ́líìtì mọ́ ẹrù. Ráṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é ní Èkó.

Ọmọ náà ní, "Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni èyí ń gbé, Dádì. Kò lè já láéláé."

Ọkọ mi yí bẹ́líìtì náà sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, "Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Wọn ò kọ ọ́. Èmi ni mo ń sọ fún yín."

Ọkọ mi fi bẹ́líìtì náà yí òpó ìsọ̀ ká, ó fún un. Nígbà tó fún un dé ibì kan, eyín irin náà yọ̀, gbogbo rẹ̀ sì tú. Ó tún un ṣe, ó tún yọ̀.

Ọmọ náà ní, "Tuntun ni kẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ tó bá yá. Dádì, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́?"

Ọkọ mi dá a padà fún un, ó dúpẹ́, a jáde. Ó ti rẹ̀ mí. Iye tó pè é kò ju ti iṣu mẹ́ta lọ ní ọjà Òkèhò, mo sì rò pé bí a bá ra púpọ̀, ọ̀kan á gba ọ̀kan là. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ọ̀nà.

Ó dúró. Ó ní, "Ìyá Múíbà, ṣé wàá lè jókòó síwájú ẹrù tí a bá fi dì?"

Mo ní ká wá ibòmíràn lọ́la.

Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí júwe òpópónà kan fún wa ní Ìkẹjà, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ọba Àkran. A ṣìnà. Ibi tí a bá ara wa ni GRA, níbi tí igi ti bo títì, tí ògiri ilé ga ju ilé lọ, tí mi ò sì rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àfi mẹ́gádì. Ọ̀kan nínú wọn dìde lórí àga rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ẹrù kì í gba ibẹ̀. Ó bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. A yí padà. Kí a tó rìn jìnnà, ariwo ilé iṣẹ́ ti dé, èéfín ti dé, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìsọ̀ tí a ń wá kò ní pátákó. Ẹ̀wọ̀n ló fi ń polówó ara rẹ̀, wọ́n kó o jọ síwájú ìsọ̀ bí òkìtì èlùbọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó láàárín wọn, ó ń mu ògì. Alhaja Sàláwà lorúkọ rẹ̀. Bó ti ń kí wa ni mo ti gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì béèrè ilé, béèrè ọmọ, béèrè òjò, kó tó béèrè ohun tí a wá rà.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀wọ̀n tó lágbára jù la fẹ́, Alhaja."

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ gbé?"

"Ààrò búrẹ́dì. Onírin."

"Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni àbí ó jókòó sílẹ̀ gbẹ̀dẹ̀? Ṣé etí rẹ̀ mú?"

A dáhùn. Ó gbé ògì rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi bẹ́líìtì kan hàn wá, wọ́n rán aṣọ pélébé kékeré kan tí wọ́n kọ̀wé sí mọ́ ọn lára. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ó ní èyí tó tóbi ni ibi tí yóò ti já, èyí tó kéré ni ìwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ fi dì. "Àwọn ọlọ́jà máa ń ka ńlá fún yín. Ẹ̀yin ẹ máa wo kékeré. Tí ẹ ò bá rí ìwé lára rẹ̀, ẹ má rà á, kódà kó jẹ́ èmi ni mò ń tà á."

Ó ní bẹ́líìtì dára fún ohun tí a fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n etí irin tó mú yóò gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ìlá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi rọ́bà táyà àlòkù sí gbogbo igun. Ẹ̀wọ̀n ni kí a fi di ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má lọ síwájú, kó má bọ̀ lẹ́yìn. Okùn ọ̀rá tí a ń lò nílé ńkọ́? Ó ní okùn ọ̀rá ń nà. Ẹ fún un nílé, ó le. Ọkọ̀ rìn díẹ̀, ẹrù jókòó dáadáa, okùn dẹ̀, ẹ̀yin ò sì mọ̀.

Ọkọ mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ń mì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹ̀wọ̀n tó fẹ́. Alhaja gbọ́ iye náà, ó sì dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wo ọkọ̀ yín ná."

Ó jáde, ó yí ọkọ̀ wa ká, ó fọwọ́ gbá bọ́dì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Pákó ni bọ́dì náà, bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní agbègbè wa.

Ó ní, "Ibo lẹ máa fi ẹ̀wọ̀n kọ́?"

Ọkọ mi fọwọ́ kan orí pákó ẹ̀gbẹ́, níbi tí a ti máa ń so okùn láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀.

Alhaja ní, "Pákó? Alhaji, ẹ fẹ́ ra ẹ̀wọ̀n tó lè fa tírélà, ẹ wá fẹ́ so ó mọ́ pákó?"

Ọkọ mi wo pákó náà. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sí etí gọ́tà. Mo rò pé òòrùn ló mú un, mo bu omi lọ bá a. Ó gba omi, kò mu ún.

Ó ní, "Okùn yẹn ò já."

Mo ní, "Okùn wo?"

"Ti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀, mo rí okùn náà nílẹ̀. Kókó tí mo ta ṣì wà níbẹ̀, kò tú. Àjákù pákó ló wà nínú ẹ̀. Mo rí i, mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Gbogbo ayé ní mi ò mọ ẹrù í so, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Pákó ló ya, Ìyá Múíbà. Mo so ó dáadáa."

Mo jókòó tì í. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń kọjá, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń wo ọkùnrin tó ń sunkún létí gọ́tà, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ní Òkèhò, gbogbo àdúgbò ì bá ti pé lé wa lórí. Mo dúpẹ́ pé Èkó la wà.

Alhaja Sàláwà kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí a padà wọlé, ó ti gbé ìdajì ẹ̀wọ̀n tí ọkọ mi kà sápá kan. Ó ní, "Èyí tó bá yín mu rèé. Ẹ̀wọ̀n méjì fún ẹsẹ̀ ààrò, bẹ́líìtì mẹ́rin fún orí ẹ̀, àti irin olọ́wọ́ gígùn tí ẹ ó fi máa fún ẹ̀wọ̀n. Owó tó kù, ẹ lọ fi jó òrùka irin mọ́ eegun ọkọ̀ lábẹ́." Ó ṣàlàyé fún mi pé eegun ọkọ̀ ni irin gígùn méjì tí ó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. "Lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ẹrù, ẹ rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un fún. Gbogbo ẹrù ló máa ń jókòó lọ́nà."

Ó tún fi pépà búrẹ́dì kan wé ẹ̀pà sísun fún mi. Ó ní ará ilé kan náà ni wá.

Wẹ́dà tó ń jó irin tí wọ́n júwe fún wa wà ní Oko Ọba, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Iṣẹ́ náà gba àkókò, nítorí ó kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò lára eegun ọkọ̀ kó tó jó òrùka mọ́ ọn, ọkọ mi sì wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń wo ibi gbogbo tí iná ti kan irin. Èmi rìn lọ síbi tí tírélà màlúù kan ti ń já ẹrù. Mo ti máa ń rí àwọn tírélà wọ̀nyí lójú títì, màlúù dúró nínú wọn fọ́fọ́, mi ò sì rí okùn kankan lára wọn rí. Mo kí ọkùnrin kan tó di ọ̀pá mú, Hausa ni, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe ń so wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "A kì í so wọ́n, Hajia. A máa ń fún wọn mọ́ra ni. Tí àyè bá wà láàárín wọn, tí dírébà bá tẹ bíréèkì, wọ́n á wó lu ara wọn. Àyè ni kò dáa."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún ọkọ mi. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wò mí, ó ní kí n lọ wá gẹdú tó nípọn rà níbi tí wọ́n ti ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta la gbé ààrò. Ilé búrẹ́dì náà wà lẹ́yìn ọjà, ó sì ti ń gbóná kí òòrùn tó ràn. Àwọn ọkùnrin tí òógùn bo ara wọn fi irin róbótó àti ọ̀pá ti ààrò náà jáde bí ẹni ń ti erin, Àǹtí Sìkírá sì ń pàṣẹ fún wọn bí ọ̀gá ológun. Nígbà tó gúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ mi gorí rẹ̀. A ti ààrò mọ́ iwájú bọ́dì, a fi gẹdú dí àyè tó ṣẹ́kù pátápátá. Ó fi ẹ̀wọ̀n méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan fà á síwájú, ọ̀kan fà á sẹ́yìn. Ó ju bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e lórí, èmi ń fi rọ́bà táyà sí àwọn igun. Ráṣẹ́ẹ̀tì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Nígbà tó fọwọ́ lu bẹ́líìtì tó gbẹ̀yìn, ó dún bí okùn gòjé.

Àwọn ọkùnrin ilé búrẹ́dì ní ó ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn ti máa ń fi okùn kan gbé irú rẹ̀. Ọkọ mi kàn rẹ́rìn-ín sí wọn.

A dúró ní Ìfọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti tún un fún. Òótọ́ ni Alhaja Sàláwà sọ. Bẹ́líìtì méjì ti dẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ìka mi wọ abẹ́ rẹ̀. Ó fún wọn títí ìka mi kò fi wọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni a jẹ ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì jẹ tiẹ̀ tán, ó tún jẹ díẹ̀ nínú tèmi.

A ti kọjá Abẹ́òkúta, a ń lọ sí Igbó Ọrà. Típà kan tó ru yanrìn wà níwájú wa, kò ní iná ẹ̀yìn kankan. Ibi tí títì ti dà sísàlẹ̀ díẹ̀ ló ti dúró lójijì. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Ọkọ mi tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀.

Mo tẹ orí mi ba, mo dì í mú. Mo gbọ́ táyà tó ń ké. Mo gbọ́ tí ẹ̀wọ̀n dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́ọ̀n, bí ẹni fi òòlù lu irin. Mo ń retí èyí tó kù. Kò wá. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e ni fèrè ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa, àti típà náà tó tún ń lọ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ọkọ mi rọra gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa á. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Ó ní, "Ṣé o wà?"

Mo ní, "Mo wà."

Ó sọ̀ kalẹ̀, èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n, ó fọwọ́ kan bẹ́líìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wo àwọn òrùka tí wẹ́dà jó. Ó jáde, eruku bo aṣọ rẹ̀. Ní Agége, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ẹsẹ̀ ààrò dúró sí, ẹsẹ̀ náà ṣì wà létí ìlà náà. Ààrò náà kò kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ó dúró." Ó tún un sọ. "Ìyá Múíbà, ó dúró."

Nígbà tí a tún gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ìtàn ọkùnrin kan tó gbé ewúrẹ́ àti iyọ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, tí ewúrẹ́ lá iyọ̀ tán kó tó dé Ṣakí. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, a sì gba Ẹ̀rúwà kọjá nígbà tí ewúrẹ́ ṣì ń lá iyọ̀ lọ́wọ́.

Òòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí a dé Òkèhò. Alhaja Ràbí ti ń dúró pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n já ààrò sílẹ̀, wọ́n ń ṣàdúà fún wa, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ọkọ mi ní, "Àmín, àmín." Ó ń ká bẹ́líìtì rẹ̀ jọ, ó ń nu yanrìn kúrò lára wọn.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ bi mí léèrè ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà, òun rèé. Nígbà tí à ń lọ, ohun tó lágbára ni mo rò pé a fẹ́ rà. Ọjà kún fún ohun tó lágbára, irọ́ sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wo nọ́ńbà kékeré, kó wo etí ẹrù, kó dí àyè tó wà láàárín, kó sì béèrè ohun tí yóò fi kọ́. Mo tún rí i pé a lè fi oṣù mélòó kan dá ènìyàn lẹ́bi lórí ohun tí ẹnì kankan kò bẹ̀rẹ̀ wò.

Mùtíù, awakọ̀ ẹgbẹ́ ọkọ mi, wà láàárín àwọn tó wá wòran. Ó ti wà lára àwọn tó ní ọkọ mi kò so ẹrù rẹ̀ dáadáa nígbà yẹn. Ó gbé ẹ̀wọ̀n kan wò, ó rí i pé ó wúwo. Ó ní òun ní ọ̀pá irin láti gbé lọ sí Ṣakí lọ́la, ṣé ọkọ mi lè yá òun ní ẹ̀wọ̀n méjèèjì.

Ọkọ mi ní, "Mi ò ní yá ọ. Ẹ̀wọ̀n nìkan ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ojú ti Mùtíù. Ọkọ mi fi bẹ́líìtì tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó tú bọ́tìnì ọrùn aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Lọ gbé ọkọ̀ ẹ wá síbí. Jẹ́ ká jọ wo abẹ́ ẹ̀."